Ṣé o mọ̀? Ọkọ̀ tó ti dàgbà kì í kú láìsọ ohun tó pa á

Bí ọkọ̀ tó ti lo ogún ọdún bá kọ̀ tí kò jí lówúrọ̀, tàbí tó kú sáàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ojúẹlẹ́gbà, ọ̀pọ̀ nínú wa a sáré lọ ra bátìrì, púlọ́ọ̀gì àti pọ́ǹpù epo lẹ́ẹ̀kan náà. Babaláwo kì í yan ẹbọ kó tó dá Ifá, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ là ń yan ẹbọ fún ọkọ̀ tí a kò tíì yẹ̀ wò. Ohun mẹ́ta péré ni ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ń béèrè: iná púlọ́ọ̀gì tó ṣẹ́ lákòókò, epo àti atẹ́gùn níwọ̀n tó yẹ, àti sìlíńdà tó lè fún wọn pọ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ kú, bó ṣe kú àti ariwo tó pa ló ń sọ èyí tó ṣaláìsí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bí o bá yí kọ́kọ́rọ́ tí ẹ́ńjìnnì ò mira

Ṣé o mọ̀ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì nígbà kan kó tó jí? Irin kan ni awakọ̀ ń tì bọ iwájú ọkọ̀, á wá máa fi gbogbo agbára yí i. Bí ẹ́ńjìnnì bá ta padà, irin náà lè ṣẹ́ ẹni tó dì í mú lọ́rùn ọwọ́. Charles Kettering, ará Ohio ní Amẹ́ríkà, ló ṣe sítátà oníná lọ́dún 1911, Cadillac ti ọdún 1912 ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi sí. Ọkùnrin yìí ti bá iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìgbowó ṣọ́ọ̀bù ṣiṣẹ́ rí. Níbẹ̀ ló ti rí i pé mọ́tò kékeré lè ṣe iṣẹ́ ńlá, bí iṣẹ́ náà kò bá ti ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni sítátà rí títí dòní. Bí o bá yí i fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tí ọkọ̀ ò jí, fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kó tutù. Ẹni tó ń yí i láìsinmi ń dáná sun wáyà inú rẹ̀ ni.

Ṣé o mọ̀ pé bátìrì tí mítà bá fi fóltì 12 géérégé hàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ? Ilé mẹ́fà ló wà nínú bátìrì ọkọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú bíi fóltì 2.1 wá. Nítorí náà, bátìrì tó kún, tó sì ti sinmi fún wákàtí díẹ̀, máa ń fi nǹkan bíi 12.6 hàn. Bó bá jẹ́ 12.2, ìdajì ló kù. Ìdánwò tó dájú ni kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́ nígbà tí ẹnì kejì ń wo mítà: bó bá já wálẹ̀ kọjá 9.6, bátìrì ti rẹ̀ tàbí ó ti gbó. Bí ọkọ̀ bá wá jí, kí mítà gòkè sí nǹkan bíi 13.8 sí 14.5. Bí kò bá débẹ̀, ọ́tánétọ̀ kò gbé iná wá, bátìrì tuntun tí o bá rà yóò sì kú bíi ti àkọ́kọ́. Gaston Planté, ará Faransé, ló ṣe irú bátìrì olójé yìí lọ́dún 1859, kó tó di pé Karl Benz gba ìwé àṣẹ ọkọ̀ rẹ̀ lọ́dún 1886.

Ṣé o mọ̀ pé ooru ló ń pa bátìrì, otútù kàn ń tú àṣírí rẹ̀ ni? Ooru a máa gbẹ omi inú bátìrì, a sì máa jẹ́ kí irin inú rẹ̀ tètè jẹrà. Ẹni tó ń gbé London, tí bátìrì rẹ̀ dákẹ́ lóṣù Kìíní, lè máa bú otútù, bẹ́ẹ̀ ìgbà ooru tó kọjá ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Otútù kàn mú kí òróró ẹ́ńjìnnì ki, kí agbára bátìrì sì dín kù lásìkò tí a nílò rẹ̀ jù ni. Ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí oòrùn kì í ti í gba ìsinmi, kì í ṣe àjèjì kí bátìrì dákẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbàgbé iná sílẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì Volkswagen Ìjàpá wà? Ẹni tó bá ń wá a nítòsí ẹ́ńjìnnì yóò wá a tì. Ibi tí wọ́n fi í sí yìí ní ewu tirẹ̀: bí ìdérí bátìrì bá ti sọnù, tí ẹni tó tóbi bá jókòó, irin inú àga lè kan orí bátìrì méjèèjì pọ̀, iná á sì sọ. Kí o tó gbé èrò sẹ́yìn Ìjàpá, wo ìdérí yẹn.

Ṣé o mọ̀ pé iná iwájú ọkọ̀ lè ṣe iṣẹ́ mítà láìná kọ́bọ̀? Kọjú ọkọ̀ sí ògiri, tan iná iwájú, kí o wá yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná bá ṣú pátápátá, bátìrì ti rẹ̀ tàbí orí rẹ̀ dọ̀tí. Bí iná bá mọ́lẹ̀ bó ṣe wà, tí sítátà ò sì dún rárá, má fọwọ́ kan bátìrì: ojú kọ́kọ́rọ́ àti wáyà tó lọ sí sítátà ni kí o yẹ̀ wò. Bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ ọ̀tọ́màtíkì, gbé jíà sí N kí o tún un yí, torí pé swíìṣì tó ń ṣọ́ P lè ti gbó. Bí iná bá rẹlẹ̀ díẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì sì ń yí dáadáa, bátìrì àti sítátà ti bọ́ nínú ẹ̀sùn.

Ṣé o mọ̀ pé "tá-tá-tá-tá" àti "tá" kan ṣoṣo kì í ṣe àìsàn kan náà? Bí o bá gbọ́ "tá-tá-tá-tá" léraléra, agbára iná kò tó: swíìṣì sítátà ń gbá mú, ó tún ń já. Bó bá jẹ́ "tá" kan péré tó dún wúwo, iná dé ọ̀dọ̀ sítátà, ṣùgbọ́n sítátà fúnra rẹ̀ ló há. Ìdí nìyẹn tí awakọ̀ àtijọ́ fi máa ń ní kí ọmọ iṣẹ́ wọlé sábẹ́ ọkọ̀, kó fi sípánà kan ara sítátà jẹ́jẹ́ nígbà tí òun ń yí kọ́kọ́rọ́. Èédú tó ti jẹ tán nínú rẹ̀ á tún kan ibi tó yẹ kó kàn, ọkọ̀ á jí. Ìyẹn á gbé ọ délé, àmọ́ kò ní gbé ọ la oṣù já. Fi jíà sí N tàbí P, fa bíréèkì ọwọ́, kí ẹnikẹ́ni tó wọ abẹ́ ọkọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ìdajì ọ̀nà tí iná ń gbà nínú ọkọ̀ kò ní wáyà? Wáyà ló ń gbé iná lọ, irin ara ọkọ̀ ló ń gbé e padà sí bátìrì. Okùn wáyà tó nípọn kan ló so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀. Ẹ́ẹ̀tì ni àwọn rẹwáyà ń pè é. Bí ẹ́ẹ̀tì yìí bá já tàbí tó dípẹtà, iná sítátà á wá ọ̀nà mìíràn gbà, ó sì lè gba okùn irin tọ́rótù, kí okùn náà gbóná débi tí yóò fi máa rú èéfín. Awakọ̀ á ra bátìrì, á ra sítátà, kò ní mọ̀ pé wáyà kékeré ló ń yọ òun lẹ́nu. Ẹ̀gbin funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó ń hù lórí bátìrì náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Tú u, fi omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, gbẹ ẹ́, kí o dè é padà kó le.

Ṣé o mọ̀ pé títì kì í jí ọkọ̀ ọ̀tọ́màtíkì òde òní? Nínú ọkọ̀ onítẹ̀-kílọ́ọ̀ṣì, bí èèyàn bá tì í, tó fi jíà kejì sí i, tó sì jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì, táyà á yí ẹ́ńjìnnì. Nínú ọ̀tọ́màtíkì, òróró tí a fún pọ̀ ló ń so jíà mọ́ra, ẹ́ńjìnnì ló sì ń yí pọ́ǹpù òróró náà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, kò sí òróró tó máa so ó mọ́ táyà, bí gbogbo àdúgbò tilẹ̀ wá tì í. Àwọn ọ̀tọ́màtíkì Amẹ́ríkà àtijọ́ kan ní pọ́ǹpù kejì tí táyà ẹ̀yìn ń yí, àwọn yẹn ṣeé tì. Wọn kò ṣe irú rẹ̀ mọ́.

Ṣé o mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ lè bá ọkọ̀ sọ̀rọ̀ láìní bátìrì? Láti oṣù Kẹwàá ọdún 1998 ni wọ́n ti sọ ọ́ di dandan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní ẹ̀rọ adènà-olè. Nínú orí kọ́kọ́rọ́, ìṣù kékeré kan wà tó ní nọ́ńbà àṣírí. Wáyà tí wọ́n lọ́ yí ojú kọ́kọ́rọ́ ká ló ń fi afẹ́fẹ́ rán agbára sí i, ìṣù náà á sì fi nọ́ńbà rẹ̀ fèsì. Bí wọ́n bá gé kọ́kọ́rọ́ míì fún tòkunbọ̀ rẹ lọ́jà láìfi ìṣù yìí sí i, kọ́kọ́rọ́ náà á ṣí ilẹ̀kùn, ó lè yí sítátà, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ò ní jí, tàbí kó jí fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì kó tún kú. Wo iná kékeré tó ní àwòrán kọ́kọ́rọ́ tàbí àgádágodo ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Bó bá ń ṣẹ́jú láìdáwọ́ dúró, kọ́kọ́rọ́ ni kí o bi.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí tí kò jí

Ṣé o mọ̀ pé ìgbà tí iná bá já ni púlọ́ọ̀gì máa ń ṣẹ́ná? Nínú Ìjàpá àti Peugeot 504 àtijọ́, kọ́ńtáàtì méjì tó kéré ló ń kan ara wọn, tí wọ́n sì ń já, nínú dísítíríbútọ̀. Bí wọ́n bá kan ara wọn, iná fóltì 12 á wọ inú kọ́ìlì. Ní wéréwéré tí wọ́n bá já, kọ́ìlì á tu iná náà jáde, á ti di fóltì tó lé ní 20,000. Àlàfo tó yẹ kó wà láàárín kọ́ńtáàtì Ìjàpá kò ju 0.4 mílímítà lọ. Bí ojú wọn bá jó, tàbí tí kọ́ńdẹ́ńsà bàjẹ́, púlọ́ọ̀gì tuntun mẹ́rin kò ní rí iná kan ṣẹ́. Ọdún 1975 kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen ní Ọ̀jọ́ l'Ékòó, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kàdúná. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa tó ti dàgbà ló jẹ́ pé ara kọ́ńtáàtì ọkọ̀ méjèèjì yìí ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó mọ 504 dunjú lè to wáyà púlọ́ọ̀gì Ìjàpá kí ọkọ̀ náà má jí láé? Sìlíńdà 504 ń ṣẹ́ná ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́ 1-3-4-2, ti Ìjàpá jẹ́ 1-4-3-2. Bí wáyà méjì bá ṣèèṣì gba ipò ara wọn, ẹ́ńjìnnì á máa yìnbọn láti inú kábúrétọ̀ tàbí sàlẹ́ńsà, kò sì ní dúró. Bí ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn lẹ́yìn tí ẹnì kan ti fọwọ́ kan púlọ́ọ̀gì rẹ̀, wáyà ni kí o kọ́kọ́ kà.

Ṣé o mọ̀ pé òkùnkùn ló ń tú àṣírí ọkọ̀ tí kì í jí nígbà òjò? Bí ọ̀rinrin bá bà lé ìdérí dísítíríbútọ̀ tàbí wáyà púlọ́ọ̀gì tó ti ya, iná ńlá yẹn á sá gba ara omi lọ sílẹ̀ dípò kó dé púlọ́ọ̀gì. Lálẹ́, gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, kí ẹnì kan ṣíná sí ọkọ̀ náà. Ibi tí iná bá ti ń jò, wàá rí i tó ń ta fírífírí bíi mànàmáná aláwọ̀ búlúù. Má fi ọwọ́ kàn án. Lówúrọ̀, fi aṣọ gbígbẹ nu ìdérí náà nínú àti lóde. Bí o bá rí ìlà dúdú tínínrín tó fà lára rẹ̀, iná ti la ọ̀nà síbẹ̀, pààrọ̀ rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé àwọ̀ púlọ́ọ̀gì ń sọ ìtàn inú ẹ́ńjìnnì? Tú u, kí o wo ẹnu rẹ̀. Bó bá jẹ́ pupa rúsúrúsú tàbí eérú fẹ́ẹ́rẹ́, ara dá. Bó bá dúdú tó sì gbẹ bí èédú, epo pọ̀ ju atẹ́gùn lọ. Bó bá dúdú tó ń dán nítorí òróró, òróró ẹ́ńjìnnì ti ń gba ara ríìngì tàbí ìdí fáfù wọlé. Bó bá funfun tó sì jọ pé ó yọ́, ó ń gbóná jù, epo sì lè má tó. Bó bá tutù rin-rin, tó ń rùn bẹntiróòlù, epo ń dé, iná ni kò ṣẹ́. Tò wọ́n sílẹ̀ bí o ṣe ń tú wọn, torí bí ẹyọ kan bá yàtọ̀ sí mẹ́ta yòókù, sìlíńdà tìrẹ nìkan ló ní ẹjọ́.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì tó ń yí fẹ́ẹ́rẹ́ jù lè jẹ́ èyí tó bàjẹ́ jù? Ẹ́ńjìnnì tó yè máa ń dún "hùn-hùn-hùn" bí sítátà bá ń yí i, torí pé písítìnì ń fún atẹ́gùn pọ̀. Bí o bá gbọ́ "wíììì" tó ń lọ geere láìsí ìdènà, ó ṣeé ṣe kí bẹ́líìtì táímìnì ti já: fáfù kò ṣí, kò tì, atẹ́gùn kankan ò fún pọ̀. Dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, písítìnì lè gbá fáfù kó sì tẹ̀ ẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé epo inú táǹkì ló ń tu pọ́ǹpù epo lára? Nínú ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ olónọ́súlù, inú táǹkì gan-an ni pọ́ǹpù wà, epo tó yí i ká ló ń gba ooru ara rẹ̀. Awakọ̀ tó sọ ọ́ di àṣà láti máa rìn lórí iná pupa ń jẹ́ kí pọ́ǹpù rẹ̀ gbóná láìnídìí. Láti mọ̀ bóyá ó yè, pa rédíò, kí o yí kọ́kọ́rọ́ débi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù tàn, má tíì ṣíná. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, wàá gbọ́ "wùùù" láti ẹ̀yìn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì. Nínú Morris Minor àtijọ́, ti Gẹ̀ẹ́sì, "tìkì-tìkì-tìkì" ni pọ́ǹpù rẹ̀ ń dún títí epo á fi kún kábúrétọ̀. Bó bá dákẹ́, wo fíúsì rẹ̀ kí o tó ra pọ́ǹpù.

Ṣé o mọ̀ pé títẹ tọ́rótù kanlẹ̀ lè dá epo dúró? Ìwọ̀n tí bẹntiróòlù fi ń jó dáadáa ni atẹ́gùn bíi kílò 14.7 sí epo kílò kan. Bí epo bá pọ̀ jù, púlọ́ọ̀gì á rì, ẹ́ńjìnnì ò ní jí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ olónọ́súlù, bí o bá tẹ tọ́rótù kanlẹ̀ kí o tó yí kọ́kọ́rọ́, tí o sì dì í mú níbẹ̀, kọ̀ǹpútà ọkọ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní brain box, á ti nọ́súlù pa kí atẹ́gùn lè gbẹ sìlíńdà. Nínú ọkọ̀ oníkábúrétọ̀ náà, tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀ kí o dì í mú, má máa tẹ̀ ẹ́ léraléra, torí ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń da epo sí i.

Ṣé o mọ̀ pé ìgò aláìláwọ̀ lè ṣe àyẹ̀wò epo? Fa epo díẹ̀ láti inú táǹkì sínú ìgò tó mọ́, jìnnà sí iná, kí o gbé e kalẹ̀ fún wákàtí kan. Omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ, nítorí náà bí omi bá wà níbẹ̀, á rì sísàlẹ̀, wàá rí ìlà tó pín wọn. Lóṣù Kejì ọdún 2022, epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lì pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló sì dùbúlẹ̀. Mẹ́tánọ́ọ̀lì a máa fa omi mọ́ra, a sì máa jẹ rọ́bà àti irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ wàhálà láàárín wákàtí díẹ̀ tí o ra epo, rántí ilé epo tí o yà kí o tó rántí púlọ́ọ̀gì.

Ṣé o mọ̀ pé lórílẹ̀-èdè Brazil, ọkọ̀ kan lè ní táǹkì méjì, ọ̀kan fún ọtí, ọ̀kan fún bẹntiróòlù? Lọ́dún 1979, Fiat 147 tó ń lo ọtí ìrèké dé ọjà níbẹ̀. Ọtí kì í tètè di afẹ́fẹ́ bí ilẹ̀ bá tutù, nítorí náà wọ́n fi táǹkì bẹntiróòlù kékeré sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ọkọ̀ lè rí ohun fi jí lówúrọ̀. Ẹni tó bá gbàgbé láti kún táǹkì kékeré yẹn lásìkò otútù lè yí sítátà títí kó rẹ̀ ẹ́, táǹkì ńlá kún dẹ́mú.

Bí ó bá kú lójú ọ̀nà

Ṣé o mọ̀ pé ìdérí táǹkì lè pa ọkọ̀? Bí pọ́ǹpù ṣe ń fa epo jáde, atẹ́gùn gbọ́dọ̀ máa wọlé rọ́pò rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, ihò bíńtín kan lára ìdérí ló wà fún ìyẹn. Bí eruku bá dí i, tàbí tí wọ́n fi ọ̀rá dì í torí ìdérí ti sọnù, òfìfo inú táǹkì á máa fa epo padà. Ọkọ̀ á rìn dáadáa fún ìgbà díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í jákì, á kú. Bó bá ti kú, ṣí ìdérí. Bí o bá gbọ́ "fíììì", tí ọkọ̀ sì jí lẹ́yìn rẹ̀, o ti rí olè náà.

Ṣé o mọ̀ pé bẹntiróòlù lè hó kó tó dé kábúrétọ̀? Apá kan nínú bẹntiróòlù ti ń di afẹ́fẹ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n ooru 40, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì sì ń gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀sán gangan. Pọ́ǹpù tí ẹ́ńjìnnì ń yí kò lè fa afẹ́fẹ́ bó ṣe ń fa epo, ọkọ̀ á sì kú nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, fi aṣọ tútù wé pọ́ǹpù àti ọ̀pá epo, kí o dúró díẹ̀. Ní Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un, àwọn awakọ̀ a máa fi ìhámọ́ aṣọ onígi há ara ọ̀pá epo, wọ́n gbà pé ó ń gba ooru.

Ṣé o mọ̀ pé sẹ́ńsọ̀ kan wà tó máa ń ṣàìsàn nígbà ooru, tí ara rẹ̀ á yá bó bá tutù? Sẹ́ńsọ̀ kíráńkì ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ibi tí písítìnì wà. Wáyà tó tín-ínrín ló wà nínú rẹ̀, bó bá ti gbó, ooru á là á, otútù á tún so ó pọ̀. Ọkọ̀ á kú lójijì bí ìgbà tí èèyàn pa iná, á jí lẹ́yìn ìdajì wákàtí, kò sì ní í ṣe nǹkan kan lójú mẹkáníìkì. Nígbà tí kò bá jí gan-an ni kí o yẹ̀ ẹ́ wò. Bí o bá yí sítátà tí abẹ́rẹ́ tó ń ka eré ẹ́ńjìnnì ò mira rárá, fura sí sẹ́ńsọ̀ yìí.

Ṣé o mọ̀ pé ìdì kọ́kọ́rọ́ tó wúwo lè pa ẹ́ńjìnnì lórí eré? Lọ́dún 2014, General Motors pe bíi mílíọ̀nù 2.6 ọkọ̀ padà, Chevrolet Cobalt àti Saturn Ion wà lára wọn. Ojú kọ́kọ́rọ́ wọn rọ̀ débi pé orúnkún awakọ̀, kòtò ọ̀nà tàbí ìwúwo ìdì kọ́kọ́rọ́ lè yí i kúrò níbi tó yẹ. Ẹ́ńjìnnì á kú, sítíárìn á le, àpò atẹ́gùn tó ń dáàbò boni kò sì ní ṣí. Owó gbà-má-bínú fún ikú 124 ni wọ́n san nítorí rẹ̀. Bí ọkọ̀ rẹ bá ń kú nígbàkigbà tó bá wọ kòtò, mi kọ́kọ́rọ́ díẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró. Bó bá kú, o ti mọ ìdí. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù àti ti géètì, yọ wọ́n kúrò lára ti ọkọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé bọ́tìnnì kan lè wà nínú búùtù tó ń pa pọ́ǹpù epo bí ọkọ̀ bá gbá nǹkan? Ọ̀pọ̀ Ford àti Jaguar àtijọ́ ló ní in, kí epo má bàa máa tú jáde lẹ́yìn ìjàǹbá. Kòtò tó jìn náà lè mú kó ta. Ẹ́ńjìnnì á máa yí, kò ní jí, pọ́ǹpù á dákẹ́ lọ́lọ́. Ìwé ọkọ̀ yóò sọ ibi tó wà, nínú búùtù tàbí nítòsí ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó níwájú. Wò ó bóyá epo ń jò. Bí kò bá jò, tẹ bọ́tìnnì náà wọlé.

Ṣé o mọ̀ pé ọkọ̀ tó ń sáré dáadáa lè máa kú ní gbogbo ibi tó bá ti dúró? Nínú Ìjàpá tó dé gbẹ̀yìn, fáfù oníná kékeré kan ló ń ṣí ọ̀nà epo fún ẹ́ńjìnnì nígbà tí ẹsẹ̀ ò sí lórí tọ́rótù. Bí wáyà rẹ̀ bá yọ, ẹ́ńjìnnì á kú bí o bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò. Tan kọ́kọ́rọ́ láìṣíná, fi wáyà náà kàn án: bí o bá gbọ́ "tá", ó yè. Nínú tòkunbọ̀ olónọ́súlù, ìdọ̀tí ẹnu ọ̀nà atẹ́gùn tàbí rọ́bà atẹ́gùn tó ya ló sábà ń ṣe irú rẹ̀. Fetí sí "ṣìììì" nítòsí rọ́bà wọ̀nyẹn. Ohun tó ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Kí o tó ra nǹkan kan

Ṣé o mọ̀ pé gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti ti ọdún 1996 ló ní ojú ìsọ̀rọ̀ kan náà? Ihò mẹ́rìndínlógún ló ní, abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ló wà. Ẹ̀rọ kékeré kan náà á ka Toyota, á ka Ford: P0335 ń tọ́ka sí sẹ́ńsọ̀ kíráńkì, P0301 ń sọ pé sìlíńdà kìíní kò jó dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn ni nọ́ńbà yìí, kì í ṣe ìdájọ́. Wáyà tí eku jẹ lè mú P0335 wá bíi ti sẹ́ńsọ̀ tó kú.

Ṣé o mọ̀ pé ní Havana, Chevrolet àwọn ọdún 1950 ṣì ń gbé èrò, tó sì jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì dísù tàbí ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn? Nígbà tí ojúlówó kò wọ Cuba mọ́, bí a kò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ẹni tí kò rí nǹkan tuntun rà kò ní yíyàn ju kó mọ ohun tó bàjẹ́ gan-an lọ.

Ṣé o mọ̀ pé bíréèkì ń fi agbára díẹ̀ pamọ́ fún ọ bí ẹ́ńjìnnì bá kú lórí eré? Ìtẹ̀ kan tàbí méjì ṣì máa rọ̀, lẹ́yìn náà á le bí òkúta. Nítorí náà, má tẹ̀ ẹ́ léraléra. Tan iná ìkìlọ̀, tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan kí o dì í mú, fi agbára yí sítíárìn kúrò lójú ọ̀nà. Má yọ kọ́kọ́rọ́ kí ọkọ̀ tó dúró, torí sítíárìn lè tì pa.

Bí o bá gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, má sọ pé "ó ń kú" lásán. Sọ bóyá ó tutù tàbí ó gbóná nígbà tó kú, bóyá ó ń sáré tàbí ó dúró, bóyá ó jákì kó tó kú tàbí ó dákẹ́ lójijì, bó ṣe pẹ́ tó kó tó jí, àti ìgbà tí o ra epo kẹ́yìn. Ra mítà kan sínú búùtù, owó rẹ̀ kò tó ti bátìrì. Mẹkáníìkì tó bá sì fẹ́ pààrọ̀ nǹkan láìkọ́kọ́ wọn fóltì, láìwo iná púlọ́ọ̀gì, láìfetí sí pọ́ǹpù epo, má ṣe fún un lówó.